Ìwé Ìlànà fún Ọ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Da Wáìpù Nù Nínú RV

Mo gbọ́ pé ẹ ti háyà RV ní Houston, pé ẹ̀yin, ìyàwó yín, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ìyàwó yín fẹ́ wà á lọ wo páàkì Yellowstone nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní sítóòfù, tó ní fíríìjì, tó sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, kí ni èèyàn tún ń wá? Ẹni tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ fẹ́ fi ohun kan hàn yín lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí páìpù ńlá kan ti yọrí, ẹ sì sọ fún un pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ẹ ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni mo ń kọ̀wé yìí sí.

Wọ́n ti kọ̀wé fún ọlọ́gbọ́n títí ó fi sú wọn, bẹ́ẹ̀ ọlọ́gbọ́n kò nílò rẹ̀. Ọ̀dẹ̀ tó ń náwó fún púlọ́mbà ni kò sẹ́ni tó ń dá sí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ kí ọ̀dẹ̀ ṣe é.

Wáìpù lẹ ó kọ́kọ́ rà. Ẹ má ra kékeré. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta nǹkan ní páálí páálí, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀ pé ó ṣeé fọ́ọ̀ṣì. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ẹ̀rí tí ọ̀dẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò rí RV yín rí, kò sì mọ bí táǹkì rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó ń fi dá yín lójú kò ju pé wáìpù náà á gba ojú ihò kọjá. Òótọ́ ló sọ. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù náà á gba ojú ihò kọjá. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ á kọjá. Eyín àtọwọ́dá ìyá ìyàwó yín á kọjá, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ jù.

Ẹ má ronú lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o, kó má bàa ba ìgbàgbọ́ yín jẹ́. Inú omi ni wáìpù yẹn wà. Omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ nílé-iṣẹ́, omi yẹn náà ló wà nínú rẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹrù, lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, fún oṣù mélòó kan, kò sì já. Ẹ fà á yọ, ẹ fi nu ojú ọmọ, ẹ fi nu tábìlì, ẹ fi gbo àbàwọ́n ọbẹ̀ ata lára àga ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kò já. Lẹ́yìn náà lẹ wá jù ú sínú omi mìíràn, ẹ sì ń retí pé kó yọ́ tán kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kò jẹ́ kó já. Òwú oníke, pólísítà tàbí pòlípùròpílìn, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wáìpù, tí wọ́n pò mọ́ fọ́nrán tí wọ́n fi igi ṣe. Wọn kì í fi òfì hun ún. Omi ni wọ́n máa ń tú jáde pẹ̀lú agbára láti fi lu àwọn fọ́nrán náà títí wọ́n á fi lọ́ mọ́ ara wọn. Ohun tí omi líle bá so pọ̀, omi táǹkì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kò lè tú u. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí kò ní oníke nínú, tí wọ́n ń já díẹ̀díẹ̀ bí omi bá ń tì wọ́n kiri nínú páìpù ìlú. Táǹkì RV kì í ti ohunkóhun kiri. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Arthur Julius, ọkùnrin ará New York tó gbé wáìpù jáde ní 1957, ọwọ́ ló ṣe é fún. Nígbà tó di 1963, Colonel Sanders ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn tó jẹ adìẹ díndín KFC lè fi nu òróró ìka wọn. Ìka ni o. Àwa la gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹnìkan lè wá sọ fún yín pé kí ẹ bu omi sínú ìgò gíláàsì, kí ẹ ju tíṣù sínú ọ̀kan, kí ẹ ju wáìpù sínú èkejì, kí ẹ dé wọn, kí ẹ mì wọ́n dáadáa, kí ẹ sì wo èyí tó fọ́nká. Ẹ má dán an wò. Tíṣù á ti di ẹ̀kọ kí ẹ tó kà dé ogún, wáìpù á sì máa lúwẹ̀ẹ́ kiri ní tirẹ̀ láìní ìpayà. Ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń fi hàn kò bá ẹ̀sìn ọ̀dẹ̀ mu.

Ó yá, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó há díẹ̀, orúnkún yín á kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ ò ní rí omi púpọ̀ nínú àwo, ẹ ò sì ní rí páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ilé. Pẹ́dàlì lẹ ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìdérí pẹlẹbẹ kan á yí kúrò lójú ihò, omi díẹ̀ á yí àwo ká, ohun tó wà níbẹ̀ á sì já sílẹ̀. Kò lọ ibì kankan. Nínú ilé yín ní Houston, òfin Amẹ́ríkà ti 1992 fún fọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní omi tí kò gbọ́dọ̀ ju gálọ́ọ̀nù 1.6 lọ, omi yẹn ló ń gbá a lọ sínú páìpù, dé abẹ́ títì, dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ kò mọ orúkọ wọn, tí wọn kò sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́. Nínú RV, abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló wà, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní táǹkì dúdú. Gálọ́ọ̀nù 30 sí 40 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Èèyàn mẹ́fà lẹ jẹ́. Bó bá di òru, orí rẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú yín á sùn lé, pẹ̀lú ìrọ̀rí.

Bí ẹ bá débi tí ihò ìdọ̀tí ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ páàkì sí, irú èyí tó wà ní Fishing Bridge ní Yellowstone (ibẹ̀ ni wọn kì í gba àgọ́ aláṣọ láyè nítorí béárì), ẹ so hóòsì mọ́ ọn kíá, ẹ ṣí fáàfù táǹkì dúdú sílẹ̀ gbayawu, ẹ sì fi í bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀nà ti ṣí, kí lèèyàn tún fẹ́ tì í fún? Ìtọ̀ àti omi á máa ṣàn lọ wẹ́rẹ́. Èyí tó le kò ní bá wọn lọ. Á jókòó sábẹ́ ihò gan-an, ti ọ̀sán á gun ti àárọ̀ lórí, ti alẹ́ á gun ti ọ̀sán, títí yóò fi di òkìtì tó ṣe ṣóńṣó lórí. Àwọn tó ń gbé inú RV jálẹ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà mọ òkìtì náà dáadáa, píràmídì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe nínú kọnkéré dẹ́ẹ̀kì ni wáìpù ń ṣe nínú rẹ̀. Bí kò bá sí wáìpù, omi púpọ̀ àti sùúrù lè tú òkìtì yẹn ká. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ti kọ́lé nìyẹn, ó ku kí ẹ ṣe ìṣílé.

Ẹni tí kò bá ní ìwé tèmi yìí lọ́wọ́ á pa fáàfù dé, á jẹ́ kí táǹkì kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta kó tó ṣí i, kí omi lè ya jáde lẹ́ẹ̀kan kó sì gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Á tún máa bu omi sí i ṣáá. Ẹ̀yin, ẹ máa ṣọ́ omi lò.

Kò ní pẹ́ tí iná pupa á tàn lára pátákó tó wà lókè sítóòfù: táǹkì kún. Ẹ lọ dà á nù, ẹ padà wá, ó ṣì kún. Ẹ tún lọ, ó kún síbẹ̀. Ojú irin kéékèèké tó wà lára ògiri táǹkì ló ń sọ fún pátákó bí ìdọ̀tí ṣe ga tó. Wáìpù kan ti rọ̀ mọ́ èyí tó wà lókè, ó sì ń dúró bẹ́ẹ̀ parọ́ fún yín. Ẹ bú ẹni tó ni RV. Ẹ sọ pé àlòkù ni wọ́n gbé fún yín.

Ìmọ̀ràn á wá máa wọlé láti gbogbo ibùdó. Aládùúgbò kan á ní kí ẹ da ọ̀rá yìnyín méjì sínú àwo, kí ẹ wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ, pé yìnyín á máa gbá inú táǹkì mọ́ bó ṣe ń yí kiri. Ẹ ṣe é. Yìnyín á yọ́, ara á tu wáìpù díẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ da bílíìṣì sí i. Ẹ dà á, yóò pa àwọn kòkòrò àìrí tó ń jẹ ìgbẹ́ náà, ìyẹn àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ láìgbowó, á sì tún máa gbẹ rọ́bà tó yí ojú fáàfù ká. Wáìpù á funfun sí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ronú kan hangà onírin. Ẹ nà án tán, ẹ tì í bọ ojú ihò, ẹ máa tọ́ ọ. Bó bá ya rọ́bà tó wà lábẹ́ àwo, òórùn tó ti ń gbé ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á lè máa bọ̀ wá jókòó tì yín bí ẹ bá ń jẹun alẹ́.

Bí ẹ bá lówó lọ́wọ́, ẹ ra ẹ̀rọ alọgbẹ́, èyí tó ní abẹ nínú, tó ń lọ ìdọ̀tí kúnná kó lè gba hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ọ̀dẹ̀ máa ń dùn sí ẹ̀rọ yìí, torí ó rò pé abẹ á gé wáìpù. Wáìpù kì í bá abẹ jà. Ó ń wé mọ́ ọn lára ni. Mọ́tò á kùn, á gbóná, á dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, aago mọ́kànlá àárọ̀, ni kí ẹ lọ sí ibi ìdàgbẹ́. Àsìkò yẹn ni gbogbo ẹni tó sùn ní ibùdó ń lọ sílé, ìlà RV á ti gùn dé títì, àwọn ọmọ tó jókòó sínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á sì ní ohun tí wọ́n máa wò. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ẹni tó bá wọ̀bọ̀wọ́ ti jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ba òun lẹ́rù. Táǹkì omi ìwẹ̀ àti omi ìfọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí omi ọṣẹ tó yẹ kó ṣan hóòsì mọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́ ti lọ kí ìgbẹ́ tó dé. Ẹ so hóòsì náà léréfèé, íǹṣì mẹ́ta péré ni fífẹ̀ rẹ̀, kò lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá fa fáàfù dúdú.

Á dún gbọ̀ọ́. Omi á ya jáde díẹ̀, á dẹwọ́, á dá. Ẹ mi hóòsì. Ẹ gbá táǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín àgbà pé kó sáré wọlé lọ tẹ pẹ́dàlì, kó jẹ́ kí omi máa sọ̀. Ohun tí kò rí ọ̀nà ìsàlẹ̀ gbà á wá ọ̀nà òkè, ọmọ náà á sì ké “Dádì!” ní ohùn tí ẹ kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyàwó yín á bọ́ sílẹ̀, á lọ dúró níwájú ọkọ̀, á máa wo òkè. Ìyá ìyàwó yín kò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá òyìnbó kan á sọ̀ kalẹ̀ nínú RV tó tẹ̀lé tiyín. Kò ní bínú. Á wo hóòsì, á wò yín, á ní: “Ṣé wáìpù ni?” Ẹ ní rárá o.

Àwọn tó dàgbà ní Èkó àtijọ́ kò gbàgbé agbépóò, tó máa ń bojú, tó ń ru garawa ìgbẹ́ kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tó bá bú u mọ̀ pé ó lè yí garawa náà dà sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn. Kò sí òbí tí kò gbàdúrà pé kí ọmọ òun má ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọmọ náà kàwé, ó wọ bàálù, ó gba ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, ó sì ti san dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Àìkú, ní gbangba, láìbojú. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Èèyàn méjì ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn ò tíì rí RV nígbà náà.

Ẹ má rò pé ó tán. Wáìpù kan lè há sẹ́nu fáàfù, kí fáàfù má pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀yin á sì rò pé ẹ ti tì í. Ẹ ó dé ìdérí mọ́ ẹnu páìpù, ẹ ó tú hóòsì, ẹ ó máa lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, á máa jò sẹ́yìn ìdérí yẹn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibùdó tó kàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ gbé ojú yín súnmọ́ ọn, kí ẹ tó yí ìdérí kúrò.

Àwọn ọ̀dẹ̀ kan wà tí wọn kì í lè tò sílà. Fún wọn, gọ́tà tó wà létí títì wà níbẹ̀. Wọ́n ti wo fíìmù Christmas Vacation ti 1989, níbi tí Cousin Eddie ti ń da ìgbẹ́ RV rẹ̀ sínú gọ́tà níwájú ilé àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì rò pé ẹ̀kọ́ ìṣe ilé ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, gọ́tà òjò kì í gba ilé ìfọmi kankan kọjá, ó ń lọ tààrà sínú odò. Èyí tó ju fíìmù lọ ṣẹlẹ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2004. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹgbẹ́ olórin Dave Matthews Band kiri ń kọjá lórí afárá Kinzie Street, afárá tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin alálàfo, ni awakọ̀ bá da táǹkì ìgbẹ́ bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Odò Chicago ló wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó kún fún àwọn tó wá wo ilé gogoro ìlú náà sì wà lójú odò, wọ́n gbójú sókè bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbé e. Nǹkan bíi 800 pọ́n-ùn ló dà lé wọn lórí. Awakọ̀ náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi, ẹgbẹ́ olórin náà sì fi 200,000 dọ́là yanjú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba Illinois. Ẹni tó bá ń ṣàròyé owó ibi ìdàgbẹ́, kó rántí.

Ọ̀dẹ̀ tó fẹ́ràn iná á ju wáìpù sínú iná ìpàgọ́. Ó tutù, iná á kọ́kọ́ pariwo sí i, oníke inú rẹ̀ á wá yọ́, á máa rùn lórí iná kan náà tí àwọn ọmọ fẹ́ fi sun àgbàdo. Ọ̀dẹ̀ tó fẹ́ràn ilẹ̀ á rì í mọ́ inú igbó. Ẹranko á hú u kí ọ̀sẹ̀ tó parí, torí ó ń ta sánsán. Ọ̀rọ̀ sánsán náà ló kan ọ̀dẹ̀ tó ń kó ọ̀rá wáìpù sítòsí táyà mọ́jú. Nínú àwọn páàkì tí béárì ń gbé, wọ́n máa ń kìlọ̀ pé ohun olóòórùn gbogbo, títí kan ọṣẹ àti ìpara, inú ibi tó ṣeé tì ni kó wà lóru. Òórùn ni béárì ń tẹ̀lé wá, kì í ka àkọlé.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti ṣálángá inú igbó ìjọba, èyí tí kò lómi, tó jẹ́ ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀ á ní: “Ihò kúkú ni, kí ló fẹ́ dí níbẹ̀?” Ó gbàgbé pé ọkọ̀ agbẹ́ ló ń wá fa ihò náà gbẹ, pé ẹnu hóòsì ọkọ̀ náà kì í gbé wáìpù mì dáadáa, àti pé òṣìṣẹ́ kan, ọmọ ẹni kan, ni yóò dúró lójú ihò yẹn pẹ̀lú ìkọ́ gígùn tí yóò máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣẹ̀ RV orí ẹni tó dá a ló ń já lé. Ti ṣálángá, orí ẹlòmíràn ni.

Ká tiẹ̀ ní wáìpù yín gba táǹkì kọjá, ó gba hóòsì kọjá, ẹ sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Àwọn ibùdó kan ní sókáwéè tiwọn, ibẹ̀ ló máa dé sí, owó tí wọ́n fi máa ṣí i á sì wọ inú owó ibùsùn ọdún tó ń bọ̀. Ibòmíràn, páìpù ìlú ló ń gbà á. Ní oṣù kẹwàá 2018, ohun kan dí ẹ̀rọ tó ń fa omi ìgbẹ́ ní Charleston, South Carolina. Òmùwẹ̀ ni wọ́n rán lọ, ẹsẹ̀ bàtà 80 sí 90 sísàlẹ̀, nínú ìgbẹ́ tútù, nínú òkùnkùn biribiri tí ojú kò ríran. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tálẹ̀ kiri títí wọ́n fi kàn án. Wáìpù ni wọ́n kó gòkè, òkìtì òkìtì. Ní 2021, àjọ omi ìlú náà gbé àwọn tó ń ṣe wáìpù àtàwọn tó ń tà á lọ sílé ẹjọ́. Ní London, 2017, abẹ́ àdúgbò Whitechapel ni wọ́n ti bá ohun kan tó jẹ́ ọ̀rá oúnjẹ àti wáìpù tó ti dì pọ̀, 250 mítà ní gígùn, 130 tọ́ọ̀nù ní ìwúwo. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n gbé e sínú mùsíọ́ọ̀mù ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn èèyàn sì lọ wò ó.

Ìpínlẹ̀ Washington ṣòfin ní 2020 pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára wáìpù pé kí ẹnikẹ́ni má fọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ọkàn yín kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́ nítorí ìyẹn: òfin náà kò kan àwọn tí wọ́n ń tà pé ó ṣeé fọ́ọ̀ṣì, páálí yín ṣì wà lórí pẹpẹ.

Bí ọlọ́gbọ́n kan bá ṣèèṣì ka ìwé yìí dé ibí, n kò ní fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Garawa kékeré tó ní ìdérí, kó fi ọ̀rá sínú rẹ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Wáìpù tó bá ti nu ohunkóhun, inú rẹ̀ ni. Kó máa so ọ̀rá náà lójoojúmọ́, kó fi òmíràn bò ó bó bá ń rùn, kó gbé e lọ sí ibi ìdalẹ̀nù ibùdó, kó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. Tíṣù ni kó máa lọ sínú àwo, èyí tó ń fọ́ kíákíá nínú ìgò, pẹ̀lú omi tó pọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìlédìí láìkàwé kankan.

Ọ̀nà mìíràn wà tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ, inú RV yín náà ló sì wà. Ìyá ìyàwó yín gbé bútà oníke kan láti Ìbàdàn wá. Ẹ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n ń kó o sínú báàgì. Ẹ ní Amẹ́ríkà nibí, Màmá, wáìpù wà. Màmá bu omi, wọ́n wọlé, wọ́n jáde, ara wọn mọ́. Ohun tí wọ́n fi kún táǹkì náà kò ju omi lọ, omi sì ni táǹkì dúdú ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní Houston. Bí gbogbo yín bá ti tò sí ẹ̀yìn bútà Màmá ni, bàbá òyìnbó yẹn kì bá tí sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ọ̀dẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bútà kò sí nínú ìlànà wa.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà pẹ̀lú mi, ó ku ìpele kan. Ẹ pe púlọ́mbà RV, irú èyí tó ń wá bá èèyàn ní ibùdó. Owó ìrìn rẹ̀ lọ́tọ̀, owó wákàtí rẹ̀ lọ́tọ̀, ti òpin ọ̀sẹ̀ sì tún lọ́tọ̀. Á ní kí gbogbo yín jáde. Á tú àwo kúrò nílẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà á lọ mú ìkọ́ gígùn nínú ọkọ̀ rẹ̀, á kúnlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ máa sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá a, pé ẹni tó háyà á ṣáájú yín ló ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó rí páálí tó wà lábẹ́ tábìlì.

Bó bá ti ṣe tán, tó bọ́ ìbọ̀wọ́, tó ń wá ohun tí yóò fi nuwọ́, ẹ ṣèèyàn. Ẹ fa wáìpù kan yọ fún un, ẹ fa méjì. Bó bá wá nuwọ́ tán, tó ń wo ọ̀tún wo òsì pé ibo ni kí òun jù ú sí, ẹ sọ fún un pé kó má dààmú, ó ṣeé fọ́ọ̀ṣì.